Fáànù Ń Yí, Ọkọ̀ Ń Gbóná: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọkọ̀ Oko Kan ní Òkè-Ògùn

Ọkọ̀ oko kékeré kan ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń mu pẹtiróòlù, tó ní ìjókòó méjì níwájú àti àpótí ẹrù lẹ́yìn. Oko ẹ̀gẹ́ ńlá kan ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ń kó igi ẹ̀gẹ́ lọ sóko nígbà ìgbìn, òun ni wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde níbi tí mọ́tò ńlá kò lè wọ̀, òun náà ló ń gbé omi, ajílẹ̀ àti táǹkì oògùn koríko. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú, irin kan wà tí wọ́n ń gbé ẹrù lé. Ẹ fi irin yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ máa padà kàn án.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ọkọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń gbóná. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbóná ló yẹ kí ènìyàn fetí sí dáadáa. Bó bá ń sáré lójú ọ̀nà láti abúlé dé oko, géèjì rẹ̀ á dúró síbi tó yẹ. Bó bá wọ àárín ebè lọ́sàn-án, tí ẹrù wà lẹ́yìn, tó ń rìn jẹ́jẹ́, kò ní pẹ́ tí iná pupa á fi tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí omi á sì máa hó jáde nínú ike omi rẹ̀. Awakọ̀ á pa á, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúró títí yóò fi rọlẹ̀, á da omi sí i, á tún máa lọ.

Ìyàtọ̀ yẹn ti sọ púpọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń gba àárín rédíétọ̀ (irin oníhò níwájú tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù) kọjá, fáànù kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó bá ń rọra rìn tàbí tó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gbóná nígbà tó ń rọra rìn, tó sì ń rọlẹ̀ nígbà tó ń sáré, fáànù rẹ̀ tàbí ohun tó dí ojú rédíétọ̀ ni kí á kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé orí eré ló ti ń gbóná, omi tí kò yí po dáadáa ni à bá máa wá: pọ́ǹpù omi, tẹ́mọ́sítáàtì (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó), rédíétọ̀ tó dí nínú. Ká ní ẹnìkan ti bi awakọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀, owó púpọ̀ ni ì bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ náà.

Ohun tí wọ́n ti ṣe sí i

Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ yọ tẹ́mọ́sítáàtì dànù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí a ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ooru ilẹ̀ wa, bó ti wù kó mú tó, kò sún mọ́ 80 sí 95 digirí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dé ibẹ̀, brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á máa rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i ju bó ṣe yẹ lọ, epo náà á sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà. Ọkọ̀ tí tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ bá kú, ká fi tuntun sí i ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ omi, èyí tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó fún brain box. Èyí tí wọ́n rà jọ ti tẹ́lẹ̀ lójú: ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ihò, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ara mu. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Iná pupa kì í tètè tàn mọ́. Omi ló máa ń kọ́kọ́ hó jáde, kí awakọ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Wọ́n pe ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àgbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ó fi gílóòbù ìdánwò rẹ̀ kàn án, gílóòbù tàn yòò. Ó ní iná dé, fáànù ló kú. Wọ́n ra fáànù tòkunbọ̀. Fáànù yẹn náà ń yí, ọkọ̀ sì ń gbóná. Nígbà tó sú gbogbo wọn, wọ́n ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀: wọ́n fa wáyà kan láti ibi kọ́kọ́rọ́ wá sí pọ́sítíìfù fáànù, “direct”, kó lè máa yí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Kò sí rílè (ìyípadà tí brain box fi ń tan fáànù) láàárín, kò sí fíùsì. Fáànù ń yí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ṣì ń gbóná.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Màmá tó ni oko náà pè mí. Wọ́n ní, “Ẹ̀ńjìníà, wọ́n ti ní kí n lọ ra top gasket báyìí. Ẹ bá mi wò ó ná kí n tó náwó yẹn.” Top gasket ni pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Mo ní, “Ẹ má tíì rà á, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n rí ọkọ̀ náà ná.”

Bébà níwájú rédíétọ̀

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ní kí awakọ̀ ṣí kọ́kọ́rọ́. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo já ojú ewé kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo gbé e sí iwájú rédíétọ̀. Bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, bébà náà ní láti lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ débi pé èèyàn máa fi ọwọ́ ya á kúrò. Tiwa yìí yọ̀ ṣọ̀ọ̀, ó jábọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó wá sọ́kàn ni pé bóyá fáànù tòkunbọ̀ yẹn ń yí sódì, tó ń ti atẹ́gùn jáde síwájú dípò kó máa fà á wọlé. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ṣi wáyà méjèèjì fi síra. Mo gbé bébà sẹ́yìn fáànù, atẹ́gùn díẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ọ̀nà tó yẹ ló ń gbà yí. Kò kàn lágbára ni.

Mo wá bojú wo inú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, èèmọ́ sì ti há sáàárín àwọn irin pẹlẹbẹ rẹ̀ bí ìlà, ọ̀kan lórí èkejì, débi pé ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò kọjá sí òdì kejì. A fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, pẹ̀lú omi tí kò lágbára jù, torí irin wọ̀nyẹn fẹ́lẹ́. Bí omi pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ bá bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á sì dí pátápátá. Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, bébà gbé ara lé rédíétọ̀ díẹ̀, ó tún jábọ́.

Mo bi awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń wa ọkọ̀ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti rà á: “Àbúrò, ṣé bí fáànù yìí ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀ nìyí?”

Ó ní, “Rárá o, ọ̀gá. Nígbà tó ṣì tuntun, tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ìdí igi ẹ̀mí ọ̀hún.”

Igi tó ń nawọ́ sí jìnnà dáadáa. Mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe bóyá fáànù ń yí tàbí kò yí ni à ń wá. Agbára tó fi ń yí ni.

Kí n tó wọn ohunkóhun, mo yọ wáyà direct yẹn kúrò. Wáyà tín-ín-rín ni, ara ike rẹ̀ sì ti rọ̀ níbi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì kọjá. Kò sí fíùsì lórí rẹ̀. Ká ní ó ti bó kan ara ṣáàsí (egungun irin ọkọ̀) nínú oko tó gbẹ, ọkọ̀ àti oko ni iná ì bá jó. Mo tún fẹ́ kí ọ̀nà iná fáànù padà sí bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe tò ó: bátìrì, fíùsì, rílè, fáànù, earth (wáyà tí iná ń gbà padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì). Ẹni tó bá fẹ́ wá àìsàn iná lórí ohun tí wọ́n ti tún tò, àtúntò yẹn ni yóò máa bá pàdé, kì í ṣe àìsàn náà.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń parọ́ láì bàjẹ́

Mo fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí n lè bá a ní tútù. Ìdánwò àárọ̀ kùtùkùtù kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ti sùn mọ́jú kò ní ooru mìíràn lára ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ. Ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá kọ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ooru omi ní láti sún mọ́ ohun tí tẹmọ́mítà ń sọ. Tẹmọ́mítà mi sọ 25 digirí. Dáṣíbọ́ọ̀dù kọ 13.

Kò sí kóòdù kankan lórí rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí brain box fi ń sọ pé nǹkan bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ tó ń lo irú kóòdù tí à ń pè ní J1939 a máa kọ SPN 110 (SPN ń sọ ibi tí àìsàn wà) bí ọ̀rọ̀ bá kan sẹ́ńsọ̀ omi, FMI á sì sọ irú àìsàn náà: FMI 3 bí volt bá ga ju bó ṣe yẹ, FMI 4 bó bá lọ sílẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wáyà bá gé tàbí tó bá kan ara ni brain box máa ń rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá kọ nọ́ńbà tó ṣeé ṣe, tó kàn jẹ́ pé irọ́ ni, brain box á gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń kà á. Sẹ́ńsọ̀ omi yìí ní ohun kan nínú tí ìdènà iná rẹ̀ máa ń dínkù bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Brain box ń fi 5 volt ránṣẹ́ gba inú ìdènà kan tó wà nínú rẹ̀, á wá máa wo iye volt tó ṣẹ́ kù lórí wáyà sẹ́ńsọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá tutù, volt yẹn á ga. Bó bá gbóná, á wálẹ̀. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń sún mọ́ 2,500 ohm (ohm ni a fi ń wọn ìdènà iná) ní 20 digirí, tí á sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 186 ohm ní 100 digirí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sẹ́ńsọ̀ ló tẹ̀lé ìlà yẹn. Sẹ́ńsọ̀ méjì lè jọra bí ìbejì lójú, kí ohm wọn má bá ara wọn mu.

Mo bi wọ́n bóyá sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́, lábẹ́ àwọn nọ́ọ̀tì. A gbé ìkòkò omi kaná, mo fi wáyà so sẹ́ńsọ̀ méjèèjì rọ̀ sínú omi, kí orí irin wọn wọ omi, kí ẹsẹ̀ iná wọn wà lókè ní gbígbẹ, kí wọ́n má sì fara kan ìdí ìkòkò, torí ìdí ìkòkò máa ń gbóná ju omi lọ. Ní 25 digirí, ti àtijọ́ sọ nǹkan bí 2,050 ohm, ti tuntun sọ 3,300. Nígbà tí omi hó, ti àtijọ́ wálẹ̀ sí 190, ti tuntun dúró sí nǹkan bí 300.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: nígbà tí omi ẹ́ńjìnnì bá ti dé 100 digirí gan-an, brain box rò pé kò tíì ju nǹkan bí 82 lọ. Ó rò pé kò tíì tó àkókò tí òun máa pe fáànù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ iná pupa. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń hó kí iná tó tàn. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ kò sì ní ohun kan tó ṣe é. Wọ́n yọ olóòótọ́, wọ́n fi èké rọ́pò rẹ̀.

Mo dá ti àtijọ́ padà. Dáṣíbọ́ọ̀dù kọ 26. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ ti wà kí wọ́n tó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Volt mẹ́sàn-án tó sọnù

Kí n má baà máa dúró kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí n tó lè dán fáànù wò, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, mo fi ìdènà kékeré 180 ohm bọ ojú pínnì rẹ̀ méjèèjì. Brain box rí i bí ẹni pé omi ti kọjá 100 digirí. Rílè dún “ká!” lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́ọ́rọ́wọ́. Nítorí náà brain box pàṣẹ, rílè gbọ́. Ìyẹn ti yọ ìdajì ọ̀nà kúrò nínú ohun tí à ń wá.

Fáànù ńkọ́? Mo so ó mọ́ bátìrì tààrà pẹ̀lú wáyà nínípọn méjì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù. Ó bú ramúramù, awakọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín: “Ohùn rẹ̀ nìyẹn!” Wọ́n gbé fáànù àkọ́kọ́ tí wọ́n ti jù sẹ́yìn ilé wá, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Fáànù méjì tó dára, ọ̀kan lára ọkọ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọdẹ̀dẹ̀.

Mo wá sí ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ iná ti máa ń ṣìnà. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáànù, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, rílè ti mú. Mo fi mítà kan pínnì méjèèjì: 13.8 volt. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní iná pé, kò sí àbùkù. Mo dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sára fáànù, mo wá fi pínnì tín-ín-rín gba ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé láì yọ ọ́, kí n lè wọn nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. 4.4 volt. Ní bátìrì, lásìkò kan náà, 13.9.

Volt mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ti sọnù lójú ọ̀nà. Kò sì sọnù nígbà tí fáànù kò sí lórí rẹ̀, torí pé bí iná kò bá ṣàn, ìdènà ojú ọ̀nà kò ní ohun tí yóò mú. Volt tó ń sọnù jẹ́ iye amp (ìwọ̀n iná) tó ń ṣàn tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú ohm tó wà lójú ọ̀nà. Bí amp bá jẹ́ òdo, èyí tó sọnù náà á jẹ́ òdo, bí ọ̀nà náà ti wù kó jẹrà tó.

Mo wọn ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù: ẹsẹ̀ mítà kan lórí pọ́sítíìfù bátìrì, èkejì lórí pọ́sítíìfù fáànù, fáànù ń yí. 0.3 volt. Mo wọn ẹ̀gbẹ́ earth: láti nẹ́gétíìfù fáànù sí nẹ́gétíìfù bátìrì. 9.2 volt.

0.3, 4.4 àti 9.2: àpapọ̀ wọn jẹ́ 13.9, ìyẹn gbogbo ohun tó kúrò ní bátìrì. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ro ó pọ̀ báyìí. Bí àpapọ̀ kò bá dọ́gba, ìwọ̀n kan ti ṣì, tàbí ẹsẹ̀ mítà kò kan ibi tó yẹ.

Mo pe àgbà ríwáyà tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí lórí fóònù, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n wá bá wa wò ó. Wọ́n wá. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Mo fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ojú mi ni gílóòbù yẹn ṣe tàn.” Òótọ́ ni, ó tàn. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n fi kílíìpù gílóòbù náà há ara ṣáàsí, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ kan pọ́sítíìfù sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Gílóòbù náà gba ṣáàsí padà sí bátìrì, kò gba wáyà earth ti fáànù rárá. Gílóòbù kékeré 5 watt sì ni, kò jẹ tó ìdajì amp. Kódà ká ní wọ́n fi kan pínnì méjèèjì, ó ṣì máa tàn débi tí ojú kò ní rí àléébù kankan.

Mo mú gílóòbù iwájú ọkọ̀, 55 watt, èyí tó ń jẹ nǹkan bí amp mẹ́rin àti ààbọ̀, mo fi wáyà méjì sí i lẹ́sẹ̀, mo fi kan pínnì méjèèjì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ó kàn pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Bàbá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Earth ni.”

Gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù ni wọ́n ti ń wá a. Wáyà direct yẹn gan-an, pọ́sítíìfù tuntun ni ó gbé wá. Earth tó jẹrà ni fáànù ṣì ń gbà padà. Kò sí bí ì bá ṣe tán ìṣòro náà.

Ibi tí ajílẹ̀ ti wọlé

Àwa méjèèjì tẹ̀lé wáyà dúdú náà láti fáànù lọ. Ó wọ inú àkójọ wáyà tí wọ́n fi ṣẹ́lótéèpù dúdú wé lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú, níbi tí wáyà earth mélòó kan ti pàdé lójú kan. Ibi yẹn wà gan-an lábẹ́ irin tí wọ́n ń gbé ẹrù lé. A ya ṣẹ́lótéèpù náà. Ẹ̀rún funfun já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Lábẹ́ rẹ̀, bàbà wáyà náà ti di àwọ̀ ewé, ó ti wú, nígbà tí mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, àwọn okùn rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Nínú gbogbo okùn bàbà tó wà nínú wáyà yẹn, díẹ̀ ló ṣì di ara wọn mú.

Màmá ló sọ ibi tó ti wá. Àpò ajílẹ̀ NPK ni wọ́n máa ń gbé sórí irin iwájú yẹn, àwọn míì ti ya, òjò sì ti ń rọ̀ sí i. Omi ajílẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ṣẹ́lótéèpù ń fà á mu, ó sì ń dá a dúró sára bàbà. Iyọ̀ inú ajílẹ̀ kò ní àánú bàbà. Ṣẹ́lótéèpù tó yẹ kó dáàbò bo ibi náà ló wá di aṣọ tútù tí wọ́n fi wé e lójoojúmọ́.

Bí a bá fi amp pín volt, a máa mọ bó ṣe burú tó. Mítà onígbámú tí mo fi gbá wáyà náà sọ 2.1 amp nígbà tí fáànù ń rọra yí. 9.2 volt, 2.1 amp: ohm mẹ́rin àti díẹ̀, lórí wáyà tí kò yẹ kó ní tó ìdá mẹ́wàá ohm kan.

A gé e sẹ́yìn títí a fi rí bàbà tó ń dán. Mo fi wáyà tuntun tó nípọn tó ti tẹ́lẹ̀ sí i, mo so ó pọ̀ pẹ̀lú ẹnu irin tí a fi ẹ̀mú tẹ̀, mo wá fi ike tó ń sún kì pẹ̀lú ooru, èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, bò ó. Àwọn earth yòókù tó pàdé níbẹ̀, a ṣe wọ́n bákan náà. Mi ò dá ṣẹ́lótéèpù padà síbẹ̀.

Èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì

Bí a bá ti dúró níbí, iṣẹ́ náà ì bá dà bí ẹni pé ó tán. Fáànù bú, bébà lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ gbàgbà. Ṣùgbọ́n mo tún wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí n pinnu pé ó yẹ kí n kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀.

Earth ti di 0.1 volt. Ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù, tó sọ 0.3 tẹ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ wa kò ní bá wí, ti fò sókè sí 1.4.

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó yí padà ni iye iná tó ń gba ibẹ̀ kọjá: láti 2.1 amp, ó ti di 10. Ìdènà kan náà ni, nǹkan bí 0.14 ohm, 0.3 pín sí 2.1, tàbí 1.4 pín sí 10, ibì kan náà ló máa gbé wa dé. Earth tó jẹrà ti ń fún iná lọ́rùn débi pé àbùkù kejì kò lè fi ara rẹ̀ hàn. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilé fíùsì fáànù, ó ti ń gbóná. Fíùsì 40 amp ló wà níbẹ̀, nígbà tí ideri àpótí fíùsì fúnra rẹ̀ kọ 20. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ihò mu dáadáa, ẹnìkan ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé, ihò náà sì ti ṣí sílẹ̀, kò di ẹsẹ̀ fíùsì mú mọ́. A pààrọ̀ ẹnu irin inú ilé fíùsì náà, a fi 20 dá a padà. Pọ́sítíìfù wá di 0.2, earth 0.1, fáànù ń gba 13.5 volt nínú 13.8, ó sì ń jẹ amp 11.

Ká ní mo ti lọ, ilé fíùsì yẹn ì bá máa gbóná lọ títí yóò fi yọ́, wọ́n ì bá sì sọ pé Ẹ̀ńjìníà tó wá gbẹ̀yìn ló bà á jẹ́.

Ìyókù rọrùn. A fi tẹ́mọ́sítáàtì tuntun sí i, a da omi lásán tó wà nínú rẹ̀ nù, a fi coolant àti omi tó mọ́ ní ìdajì sí ìdajì rọ́pò rẹ̀, a sì gbé iwájú ọkọ̀ sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú páìpù lè jáde pátápátá. Afẹ́fẹ́ tó bá há síbi sẹ́ńsọ̀ máa ń jẹ́ kó wọn ooru afẹ́fẹ́ dípò ti omi. Awakọ̀ gbé ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ àárín ebè nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Géèjì gòkè, fáànù bú, géèjì wálẹ̀, fáànù dákẹ́, ó tún gòkè. Bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn. Màmá kò ra top gasket.

Fún àwa tí à ń fọwọ́ kan irú ọkọ̀ yìí

Ohun tí mo fẹ́ kí ríwáyà tó bá ka èyí mú lọ ni pé kó má fi volt tó wọn lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣíṣí dá ohunkóhun lẹ́jọ́. Kó wọn án nígbà tí ẹrù (ìyẹn ohun tó ń jẹ iná, bíi fáànù) wà lórí rẹ̀, kó wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó sì kọ amp tó ń ṣàn lásìkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ volt tó rí. 0.3 volt ní amp 2 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú 0.3 ní amp 11. Tó bá ti tún ibì kan ṣe, kó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ní mítà onígbámú lè lo gílóòbù iwájú ọkọ̀ oní-55 watt bí mo ṣe lò ó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, a sì lè rí i ní gbogbo ọjà pààtì. Kó fi kan pínnì méjèèjì ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má fi ṣáàsí ṣe earth fún un. Bó bá tàn bó ṣe ń tàn lórí bátìrì, ọ̀nà náà dára. Kó má fi ọwọ́ kan dígí rẹ̀, kó má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí rẹ̀, ó ń gbóná púpọ̀.

Ẹ gbé mítà dání lọ sọ́jà sẹ́ńsọ̀. Ẹ wọn ti àtijọ́ níbẹ̀, ẹ wọn tuntun níbẹ̀, nínú òjìji kan náà, kí ẹ tó sanwó. Bí ohm wọn kò bá sún mọ́ ara wọn, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, bó ti wù kó jọ ọ́ tó. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mú pààtì tí ẹ bá yọ lọ sílé. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn ló gbà wá lọ́jọ́ yìí.

Lórí ọkọ̀ oko ní pàtàkì, mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi báyìí pé kí ajílẹ̀ má gba orí ibi tí wáyà wà, ẹ̀yìn ni kó máa gùn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n tẹ́ ọ̀rá nínípọn sábẹ́ àpò, kí wọ́n sì fi omi lásán fọ iwájú ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e. Nígbà tí ìgbà ajílẹ̀ bá parí, kí wọ́n pe ríwáyà kó ṣí gbogbo ibi tí earth ti pàdé lójú kan, iwájú àti ẹ̀yìn, kó wò ó lójú, kó wọn án pẹ̀lú ẹrù, kó fi gírísì bò ó, kó tó di pé ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé tí fáànù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi.